Ọgbà Tí A Tún Ṣe Lẹ́yìn Tí Àgùntàn Sọnù

Rothenburgsort, Hamburg
Oṣù Kẹwàá, 2018

Mopélọ́lá ọmọ mi, Àbẹ̀kẹ́ tí mo fi ń yangàn,

Orí àga ilé ìdáná wa ni mo ti ń kọ̀wé yìí. Ìyá rẹ ń yọ́ ẹsẹ̀ rìn kí ó má baà dí mi lọ́wọ́. Ara wa le. Mo mọ̀ pé ara tìrẹ náà le, nítorí mo gbọ́ ẹ̀rín rẹ lórí fóònù lọ́jọ́ Jímọ̀, nígbà tí o pè wá láti Berlin pé Probezeit, oṣù tí wọ́n fi ń dán òṣìṣẹ́ tuntun wò, ti parí, pé ilé ìwòsàn náà ti gbà ọ́ síṣẹ́ ògbufọ̀ pátápátá, pé wọ́n tiẹ̀ ti lẹ orúkọ rẹ mọ́ ilẹ̀kùn. Ìyá rẹ ju aṣọ tó ń ká lọ́wọ́ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀. Èmi kò kúnlẹ̀. Mo kàn ń rìn láti ojú fèrèsé dé ẹnu ọ̀nà, láti ẹnu ọ̀nà dé ojú fèrèsé, títí o fi bèèrè pé, "Daddy, ṣé ẹ ṣì wà níbẹ̀?" Mo wà níbẹ̀. Ẹnu mi ló kọ̀ tí kò là.

Ìdí nìyí tí mo fi mú bírò. Mo mọ̀ pé Yorùbá kíkà kò yá ọ lára tó ti Jámánì. Kà á sókè, díẹ̀díẹ̀, bí a ti ń ṣe nígbà tí o wà ní kékeré. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ gùn, mi ò sì rò pé mo lè kọ irú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láyé mi.

Àforíjì ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. O rántí ọjọ́ tí o ní èdè Ṣáínà lo fẹ́ kà ní yunifásítì. Mo ti sọ fún gbogbo ará ṣọ́ọ̀ṣì wa pé ẹnjiníà lọmọ mi máa dà. Mo ní, "Ṣáínà? Ta lo mọ̀ ní Ṣáínà?" O fi èdè Jámánì dá mi lóhùn, bí o ti máa ń ṣe nígbà tí inú bá ń bí ọ, o sì wọ yàrá lọ. Oṣù mẹ́ta gbáko la fi ń kí ara wa bí àlejò tó pàdé lórí àtẹ̀gùn.

Màmá Lin tó ń gbé lókè wa ló parí ìjà náà, kò sì mọ̀ pé ìjà wà. Opó ará Ṣáínà ni, ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún se oúnjẹ nílé oúnjẹ kan nítòsí èbúté. Ó gbọ́ bí o ṣe ń ka àwọn ọ̀rọ̀ àgbà wọn sókè lórí àtẹ̀gùn, àwọn ọ̀rọ̀ mẹ́rin-mẹ́rin yẹn tí ìtàn ńlá máa ń sùn sínú wọn, ó sì dúró láti tún ohùn rẹ ṣe. Láti ọjọ́ náà ló ti ń sọ̀ kalẹ̀ wá mu tíì lọ́dọ̀ wa lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú.

Lọ́jọ́ Àìkú kan mo ń fọ́nnu fún un lédè Jámánì. Mo ní kò sí ọgbọ́n tó wà nínú èdè ẹnikẹ́ni tí Yorùbá kò ní ìlọ́po mẹ́wàá rẹ̀. Màmá Lin mu tíì rẹ̀, ó sọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin: jǐng dǐ zhī wā. O fi ọwọ́ bo ẹnu. Mo ní, "Kí ni wọ́n wí?" O wo àjà títí. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ọ̀pọ̀lọ́ inú kànga ni obìnrin náà pè mí, èyí tó jókòó sísàlẹ̀, tó ń wo ojú ọ̀run tí kò tóbi ju àwo ìjẹun lọ, tó sì rò pé bí ọ̀run ṣe mọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ lo sọ fún mi. O ní, "Daddy, wọ́n ní bí ọmọdé ò bá tíì dé oko baba ẹlòmíràn, á ní kò sí oko tó tó ti baba òun."

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni ọ́ nígbà náà. O kò purọ́ fún mi, o kò sì bú mi. O yọ ọ̀pọ̀lọ́ kúrò, o gbé ìtumọ̀ rẹ̀ wọ aṣọ tí baba rẹ mọ̀, o sì fi lé mi lọ́wọ́ láàárín ìgbà tí ènìyàn fi ń mí lẹ́ẹ̀kan. Mo rí i lọ́jọ́ náà pé ẹ̀bùn ni. Kàkà kí n sọ ọ́, tíì ni mo mu. Nítorí náà mo ń sọ ọ́ báyìí: mo ṣì í, Àbẹ̀kẹ́. Dárí jì mí. Ìmọ̀ràn tó wà nínú rẹ̀ ni pé kí o má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ibi tí ojú tirẹ̀ dé díwọ̀n ibi tí ẹsẹ̀ rẹ lè dé, ìbáà jẹ́ baba rẹ. Bí ìwọ náà bá sì bímọ lọ́la, tó wá sọ ohun tí o kò retí, bi í ní ìbéèrè mẹ́ta kí o tó bínú.

Ìkejì wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ. N kò sọ ọ́ fún ọ rí. Ìyá rẹ nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Kí a tó bí ọ, mo ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Billbrook. Èmi àti ọkùnrin ará Ìkìrun kan tó ń jẹ́ Bọ̀dé la jọ ń já ẹrù. Mo ti fi ọdún kan ṣáájú rẹ̀ dé Jámánì, nítorí náà mo ń ṣe bí ẹni tó ti gbọ́ èdè náà tán. Lọ́jọ́ kan, àpótí gíláàsì kan bọ́ lọ́wọ́ Bọ̀dé, gbogbo rẹ̀ fọ́. Ọ̀gá wa pariwo mọ́ ọn níwájú gbogbo òṣìṣẹ́. Bọ̀dé tẹrí ba, ó yíjú sí mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi sọ fún ọ̀gá pé bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra."

O mọ ohun tó ń bẹ̀bẹ̀ fún. Kí ọ̀gá bá òun wí, ṣùgbọ́n kó má lé òun. Èmi kò ronú. Mo kó ọ̀rọ̀ náà bó ṣe wà, mo fi Jámánì jákujàku sọ ọ́: ọwọ́ òsì, ọmọ, nínà. Ojú ọ̀gá pọ́n. N kò mọ̀ nígbà náà pé òun àti ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ túká ni, pé wọ́n ń fa ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ mọ́ra wọn lọ́wọ́. Ó rò pé Bọ̀dé ń fẹ̀sùn kan òun níwájú àwọn òṣìṣẹ́ pé òun ń lu ọmọ òun. Ó ní kí Bọ̀dé bọ́ ẹ̀wù iṣẹ́ sílẹ̀ kó máa lọ ilé.

Mo lè sọ̀rọ̀. Mo lè sọ pé, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, èmi ni mo túmọ̀ rẹ̀ sódì." Ṣùgbọ́n ojú ń tì mí pé wọ́n á mọ̀ pé èdè Jámánì tí mo fi ń yangàn kò tó nǹkan. Mo wo ilẹ̀. Bọ̀dé wò mí, ó mú àpò rẹ̀, ó lọ. Oyún wà nínú ìyàwó rẹ̀ nígbà náà.

Ọmọ mi, gba ohun méjì níbẹ̀. Ìkíní, òwe kì í ṣe àwọn ọ̀rọ̀ tó wà nínú rẹ̀. Òwe ni ohun tí ẹni tó pa á fẹ́ kó ṣẹlẹ̀. Kí o tó túmọ̀ rẹ̀, bi ara rẹ léèrè pé kí ni ẹni yìí ń wá, lọ́wọ́ ta ni, kí ló sì ń bà á lẹ́rù. Ìkejì, bí o bá ṣì í sọ, sọ níbẹ̀ gan-an pé o ṣì í, kí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn tó jáde kúrò nínú yàrá. Ìtìjú ìṣẹ́jú kan ni ìtìjú ìjẹ́wọ́. Tèmi tí n kò jẹ́wọ́, ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló fi bá mi gbé.

Ìdí rèé tí mo fi ní kí o tún ìtàn bàbá àgbà yẹn sọ fún mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta lórí fóònù ní oṣù Kẹjọ. O rò pé n kò gbọ́ dáadáa ni. Mo gbọ́. Jẹ́ kí n kọ ọ́ síbí kí o lè mọ bó ṣe dún létí baba rẹ.

Bàbá àgbà ará Ṣáínà kan ni. O kò dárúkọ rẹ̀ fún wa, o sì ṣe dáadáa. Bẹ́ẹ̀ ni kí o máa ṣe títí ayé. Àtọ̀gbẹ ti ba ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ méjì jẹ́, ó sì ti fi í pamọ́ fún àwọn ọmọ rẹ̀ títí ó fi ń rùn. Dókítà fẹ́ gé ìka méjèèjì kí egbò náà má baà gun òkè ẹsẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ògbufọ̀ kan ti bá wọn túmọ̀ lórí fóònù. Bàbá náà fi ọ̀rọ̀ mẹ́rin dá dókítà lóhùn: wáng yáng bǔ láo. Ògbufọ̀ náà ní, "Ó ní àgùntàn ti sọnù, ẹ wá ń tún ọgbà ṣe." Dókítà gbọ́ ọ bí ará Jámánì ṣe máa gbọ́ ọ, nítorí àwọn náà ní òwe tiwọn nípa ẹni tó ń bo kànga lẹ́yìn tí ọmọ ti kó sínú rẹ̀, òwe tí wọ́n fi ń bú ẹni tó pẹ́ jù. Ó gbà pé bàbá kọ iṣẹ́ abẹ. Wọ́n tẹ ìwé pé ó kọ̀. Ìwọ tí o wà lórí Probezeit, wọ́n kàn pè ọ́ pé kí o wá ka ìwé náà fún un kó lè buwọ́ lù ú.

O kà á. Bàbá di bírò mú, ó wò ọ́, ó tún un sọ: wáng yáng bǔ láo. Ó sì ń mi orí sókè sódò bí ẹni tó gbà. O sọ fún mi pé orí tó ń mì yẹn ló dá ọ dúró. O ní fún dókítà pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró díẹ̀."

Ó ní, "Wọ́n ti túmọ̀ ìyẹn láàárọ̀."

O ní, "Mo mọ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bi wọ́n."

O kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, nítorí kò mọ́ ọ lára láti dúró bá àgbà tó dùbúlẹ̀ sọ̀rọ̀. O ní, "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n tún ọgbà náà ṣe?"

Bàbá ní, "Kí ni mo ti ń sọ láti àárọ̀? Àgùntàn méjì ti lọ. Àwọn tó kù ńkọ́?"

Nítorí ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń sọ nílẹ̀ wọn ni pé kò tíì pẹ́ jù. Ẹni tí àgùntàn kan jáde mọ́ lọ́wọ́, bó bá dí ihò ọgbà lónìí, ìyókù á wà. Ọ̀rọ̀ náà ní ìdajì kejì, ìdajì náà ló sì sọ pé kò pẹ́ jù, ṣùgbọ́n bàbá kò sọ ọ́, nítorí àgbà kì í parí òwe fún ẹni tó yẹ kó mọ̀ ọ́n. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí. Ògbufọ̀ àárọ̀ gba ààbọ̀, ó fi ààbọ̀ jíṣẹ́. Ìwọ lọ wá ààbọ̀ tó kù. O dìde, o sọ fún dókítà lédè Jámánì pé, "Wọn ò kọ̀. Wọ́n ní kò tíì pẹ́ jù, kí ẹ ṣe é lónìí." Ká ní èmi lo ń túmọ̀ fún ni, mo mọ ohun tí ò bá sọ. Ò bá ní ìgbà tí a bá jí ni òwúrọ̀ ẹni.

Wọ́n fa ìwé yẹn ya. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà lọ́sàn-án ọjọ́ kan náà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bàbá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ méjèèjì rìn jáde, òun àti ọ̀pá rẹ̀. Ọmọ tí mo bi pé ta ló mọ̀ ní Ṣáínà ló ṣe é. Mo ti sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo ti sọ ọ́ níbi iṣẹ́, mo ti sọ ọ́ fún Màmá Lin. Ó di ọwọ́ mi mú.

Wàyí o, gbọ́ ohun tí o kò mọ̀. Nígbà tí o pa fóònù lẹ́yìn ìtàn náà, mo sọ fún ìyá rẹ pé mò ń lọ wá Bọ̀dé.

Mo ti mọ ibi tó wà tipẹ́. Ó ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Altona, ó sì ti tó ọdún mélòó kan tí mo ti ń yà gba òpópónà mìíràn kí n má baà gba iwájú rẹ̀ kọjá. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e mo wọ ọkọ̀ ojú irin S-Bahn. Mo bá a níbi tó ti ń nu ṣéènì kẹ̀kẹ́. Ó gbójú sókè.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ẹ ti hewú."

Mo ní, "Bọ̀dé, ọ̀rọ̀ ọwọ́ òsì àti ọwọ́ ọ̀tún ọjọ́ yẹn, èmi ni mo túmọ̀ rẹ̀ sódì. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé mo ṣì í, mo sì dákẹ́. Mo wá tọrọ àforíjì."

Ó gbé àkísà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Ọdún yẹn le, ẹ̀gbọ́n. Ó le gan-an. Mo bínú sí yín fún bí ọdún mẹ́wàá, ìgbà tó yá ó sú mi. Kí ló wá mú yín wá lónìí?"

Mo sọ ọ̀rọ̀ rẹ fún un, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí mo dé ibi àgùntàn méjì tó ti lọ, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó pe ẹnìkan láti ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, obìnrin gíga kan tó so aṣọ iṣẹ́ mọ́dìí. Ọmọ tó wà nínú ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ náà nìyẹn. Òun ló ń bá bàbá rẹ̀ ṣiṣẹ́ báyìí. Bọ̀dé ní, "Wá gbọ́ ohun tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣe ní Berlin." Ó sì nawọ́ sí mi. Epo kún ọwọ́ náà, mo bọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mopé, mo gba ilé bọ̀ bí ẹni tí wọ́n sọ àpò sìmẹ́ńtì kalẹ̀ lórí rẹ̀. Ìwọ lo kọ́ mi. Baba rẹ tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, ìwọ lo kọ́ mi pé a lè tún ọgbà ṣe.

Ìkẹta kò gùn. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ogún ọdún ní Òṣogbo, mo kọ́ṣẹ́ títún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ṣe. Ọdún mẹ́ta ló yẹ kí n lò. Mo lo ọdún kan, mo ní mo ti mọ̀ ọ́n, mo kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá mi. Ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tí mo dá tú, nígbà tí mo tò ó padà tán, irin mẹ́rin ló ṣẹ́kù sórí tábìlì. Mo gbé gbogbo rẹ̀ padà tọ ọ̀gá lọ. Kò bú mi. Ó kàn ń fi irin náà sí mi látẹ́lẹwọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń dárúkọ wọn. Àwọn ará Ṣáínà náà ní ìtàn àgbẹ̀ tó ń fa ìrẹsì rẹ̀ sókè kó lè tètè ga. Nígbà tí yóò fi padà dé oko, gbogbo rẹ̀ ti rọ. O rántí ọ̀sẹ̀ tí o lẹ ọgbọ̀n ọ̀rọ̀ àgbà wọn mọ́ ara fìríìjì wa, tí o ń sunkún nígbà tó fi máa di ọjọ́ Jímọ̀. Màmá Lin ló ká wọn kúrò, ó fi ẹyọ kan sílẹ̀, ó ní kí o lọ wá ẹni tó lè sọ ọ́, irú ọjọ́ tí a lè sọ ọ́, àti ẹni tí a lè sọ ọ́ fún. Ní Berlin wọ́n á máa pè ọ́ ní ọ̀gá báyìí. Síbẹ̀, máa kọ́ ọ̀rọ̀ wọn ní ẹyọ kan lọ́sẹ̀.

Má sì fi ẹsẹ̀ kún ejò. Ọ̀rọ̀ tiwọn ni, ìwọ lo kọ́ mi: ayàwòrán tó kọ́kọ́ ya ejò tirẹ̀ tán nínú ìdíje, àyè wá gbà á, ó bá fi ẹsẹ̀ sí i, ẹlòmíràn sì gba ọtí tí wọ́n fi ṣe ẹ̀bùn. Àléébù yìí, ọ̀dọ̀ mi lo ti jogún rẹ̀. Bí mo bá ti sọ òótọ́ tán, mo máa ń fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ títí yóò fi dàbí irọ́. Lọ́jọ́ ti bàbá yẹn, gbólóhùn méjì lo sọ fún dókítà, o dákẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni kí o máa ṣe é.

Àwọn ènìyàn á máa yanu wò ọ́, ọmọ aláwọ̀ dúdú tó ń sọ èdè Ṣáínà. Wọ́n á bi ọ́ pé níbo lo ti wá gan-an. Sọ fún wọn pé Hamburg, kí o sì máa bá iṣẹ́ rẹ lọ. Ṣùgbọ́n láàárín èmi àti ìwọ, má jẹ́ kí Yorùbá bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Màmá Lin sọ fún mi pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn máa ń fi ọdún méjì jà pẹ̀lú ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀, pé tìrẹ ya òun lẹ́nu. Kò yà mí lẹ́nu. Láti inú ikùn lo ti ń gbọ́ bí ohùn ṣe ń yí ọ̀rọ̀ padà.

Ìyá rẹ ní kí n kọ ọ́ síbí pé kí o máa jẹun kí o tó jáde láàárọ̀, pé òun rí ọrùn rẹ nínú fọ́tò. Mo ti kọ ọ́.

Ó ku ẹyọ kan. Lọ́jọ́ Túsìdeè tó kọjá, mo lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn àgbà ní Altona, mo ní mo fẹ́ forúkọ sílẹ̀ láti kọ́ èdè Ṣáínà, kíláàsì àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọbìnrin tó wà nídìí tábìlì wo irun orí mi, ó wo ìwé mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Ṣé ẹ fẹ́ rìnrìn àjò lọ sí Ṣáínà ni?"

Mo ní, "Rárá o. Berlin ni mò ń lọ. Ọmọ mi ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀."

Èmi ni baba rẹ, tí orí rẹ̀ wú,
Adéṣínà